Bí Ahọ́n Bá Kọsẹ̀, Ṣé Kí Ẹnu Dákẹ́?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.



Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú oṣù yìí. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò kàn, ṣùgbọ́n ó ti lé olùkọ́ kúrò níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń mú kí ọ̀dọ́ tí ó mọ Kùránì ka dáadáa máa fà sẹ́yìn nígbà tí a bá ń wá ẹni tí yóò ṣáájú ìrun. Ìbéèrè náà nìyí: bí ahọ́n ènìyàn bá ń kọsẹ̀ nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi sí ẹnu, ṣé kí ó dákẹ́ títí ahọ́n náà yóò fi tọ́ ni, àbí kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ?

Ohun tí mo ń sọ ni ike tí a fi ń to eyín. Wáyà ni a mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí àwọn dókítà eyín máa ń dè mọ́ eyín tí ó wọ́ tàbí tí ó gun ara wọn. Ní ọdún 1997, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Align Technology sílẹ̀ ní California, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ike tí ó mọ́ gaara rọ́pò wáyà. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998. Lónìí, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe irú rẹ̀ ti pọ̀, àwọn dókítà eyín sì ń fún ènìyàn ní Èkó àti Àbújá, àti ní London níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa wà. Wọn yóò ya àwòrán ẹnu ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, wọn yóò sì ṣe ike tí yóò bá eyín rẹ̀ mu bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń bá ọwọ́ mu, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, yóò bọ́ èyí sílẹ̀, yóò wọ òmíràn tí ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ike náà yóò ṣe máa ti eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tò. Wákàtí 20 sí 22 ni ó yẹ kí ó wà lẹ́nu nínú wákàtí 24. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò bọ́ ọ bí ó bá fẹ́ jẹun tàbí bí ó bá fẹ́ mu ohun tí kì í ṣe omi lásán, yóò sì fọ ẹnu kí ó tó dá a padà.

ṢÉ Ó TỌ́ LÁTI TO EYÍN?

Kí a tètè mú èyí kúrò lọ́nà, nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè rẹ̀. Ó wà nínú hàdíìsì tí Abdullāhi ọmọ Mas'ūd gbà wá pé ègún wà lórí àwọn obìnrin tí ń ṣí àlàfo sáàárín eyín wọn nítorí ẹwà. Àwa ọmọ Yorùbá mọ ohun tí à ń sọ níhìn-ín dáadáa, nítorí èjí ni. Àwọn kan wà láyé àtijọ́ tí Ọlọ́hun kò fún ní èjí, tí wọ́n ní kí a rẹ́ eyín àwọn kí àwọn náà lè ní in. Eyín tí kò ní àléébù ni wọ́n mú, tí wọ́n dá ọgbẹ́ sí i lára.

Eyín tí ó gun ara wọn yàtọ̀. Kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fọ ẹnu dé kọ̀rọ̀, ó lè máa bu ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ, ó sì lè má jẹ́ kí òkè bá ìsàlẹ̀ pàdé. Títo irú eyín bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú. Sáhábà kan wà tí à ń pè ní Arfaja, tí imú rẹ̀ gé lójú ogun kan kí Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà ṣe imú, ṣùgbọ́n ó ń rùn, Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ní kí ó fi wúrà ṣe é, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé wúrà léèwọ̀ fún ọkùnrin. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímímọ̀ ti mú un pé títún àléébù ṣe kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Kí olúkúlùkù wo àníyàn ọkàn rẹ̀, kí a sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

IBI TÍ AHỌ́N TI Ń KỌSẸ̀

Ike náà kò nípọn tó mìlímítà kan, ṣùgbọ́n ahọ́n kì í fojú kéré ohunkóhun. Ẹ pe s, kí ẹ sì fi ọkàn sí ibi tí orí ahọ́n yín wà. Ó súnmọ́ ẹran tí ó wà lẹ́yìn eyín iwájú òkè, kò sì fi ara kàn án, ojú ihò tóóró kan ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Bí a bá fi ike bo eyín, ojú ihò náà yóò yí padà, ahọ́n yóò sì fẹ́ yọ síwájú, ìró tí ó yẹ kí ó máa súfèé yóò wá máa ṣe fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. S àti ṣ ni ó máa ń kàn jù ní èdè Yorùbá, a sì lè gbọ́ ọ díẹ̀ nínú t, d, n àti l. Itọ́ náà yóò máa pọ̀ lẹ́nu ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ẹnu rò pé oúnjẹ ni wọ́n fún òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ tàjúwíídì yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ti èdè Lárúbáwá le ju èyí lọ. Láti orí ahọ́n àti ẹnu eyín iwájú òkè ni thā, dhāl àti ẓā ti ń jáde. Orí ahọ́n kan náà ni sīn, zāy àti ṣād ń lò, ṣùgbọ́n tiwọn kò gbọdọ̀ yọ sẹ́nu eyín, ó sì gbọdọ̀ ní ìró súfèé tí à ń pè ní ṣafīr. Bí ike bá ti ahọ́n síwájú díẹ̀, sīn yóò fẹ́ di thā. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìró lásán, nítorí ìtumọ̀ ń bá a lọ. "Ism" ni orúkọ. "Ithm" ni ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì.

OLÙKỌ́ TÍ Ó FI KÍLÁÀSÌ SÍLẸ̀

Arábìnrin kan wà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéwú òpin ọ̀sẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ gun ara wọn débi pé gbogbo ìgbà ni ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ni dókítà bá fún un ní ike. Ní ọjọ́ kejì tí ó wọ̀ ọ́, ó dúró níwájú àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka Súúrà An-Nās tẹ̀lé òun. Gbogbo wa mọ̀ pé sīn ló parí gbogbo àyà súúrà náà. Kí ó tó dé àyà kẹta, ọmọkùnrin kan ti ń sín in jẹ, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Arábìnrin náà parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ bá ọ̀gá ilé kéwú, ó ní òun yóò padà bí eyín òun bá tò tán. Dókítà sì ti sọ fún un pé yóò gbà tó ọdún kan àbọ̀. Wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ kíláàsì mìíràn tí ó ti kún tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́, ìdí méjì ni ó sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tóbi ju kí a máa fi ahọ́n tí ó ń yọ̀ kà á síwájú ọmọ tí yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tún ní, "Ẹnikẹ́ni kò fi ipá wọ̀ ọ́ fún mi. Èmi ni mo sanwó rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa wá bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n fara dà á?"

Ìdí méjèèjì ní ìwúwo, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé wọn sórí òṣùwọ̀n.

ÀNÁBÌ MÚSÁ ÀTI KÓKÓ AHỌ́N

Nígbà tí Ọlọ́hun rán Ànábì Músá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sí Fir'aona, Súúrà Tā-Hā sọ fún wa pé ó bẹ Olúwa rẹ̀ pé kí ó tú kókó kan kúrò ní ahọ́n òun, ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ òun yé. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹnu dídùn tí àwọn ènìyàn yóò máa yìn. Kí ọ̀rọ̀ náà yé wọn ni ó ń wá.

Lẹ́yìn náà ni ó tọrọ olùrànlọ́wọ́, Hárúnà arákùnrin rẹ̀, tí Súúrà Al-Qasas sọ pé ahọ́n rẹ̀ dá ṣáká ju tirẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́hun fún un ní Hárúnà, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Hárúnà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, àléébù ahọ́n jẹ́ ìdí láti wá ìrànlọ́wọ́, kò sì jẹ́ ìdí láti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ta ni ó wá fi ahọ́n Músá ṣe yẹ̀yẹ́? Súúrà Az-Zukhruf dá wa lóhùn. Fir'aona ni ó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọkùnrin yìí kò lè sọ̀rọ̀ kí ó já gaara. Kò rí èsì fún ọ̀rọ̀ náà, ni ó bá kọjú sí ẹnu tí ó sọ ọ́.

ṢÙGBỌ́N ÌWỌ LO FI SÍ ẸNU

Ẹnìkan lè sọ pé Músá kọ́ ni ó fún ara rẹ̀ ní kókó ahọ́n, àti pé akólòlò kò ra kílòlò lọ́jà. Ẹni tí ó wọ ike ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ṣé ìrọ̀rùn tí ó wà fún ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí wà fún ẹni tí ó yan nǹkan?

Ẹ jẹ́ kí a wo onírìn-àjò. Ẹni tí ó gbéra láti Ìlọrin lọ sí Kánò láti lọ ra ọjà, ta ni ó fi ipá mú un? Ó lè jókòó sílé. Síbẹ̀, òfin gbà á láàyè láti dín ìrun ráká mẹ́rin kù sí méjì, ó sì lè sinu nínú Ràmàdánì kí ó san án padà lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé "ìwọ lo yàn án". Ohun tí à ń béèrè ni bóyá ohun tí ó yàn lẹ́tọ̀ọ́. Bí ọ̀nà bá tọ́, ìrọ̀rùn tí ó wà lójú ọ̀nà náà tọ́ sí ẹni tí ń rìn ín.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn onírìn-àjò ní ààlà. Ní ọjọ́ tí ó bá padà wọlé rẹ̀, yóò kí ìrun rẹ̀ pé. Ibí yìí gan-an ni ẹni tí ó wọ ike ti yàtọ̀ sí akólòlò. Akólòlò kò lè bọ́ ahọ́n rẹ̀ sápò. Ẹni tí ó wọ ike lè bọ́ ọ, àpótí rẹ̀ kékeré sì wà nínú àpò rẹ̀. Níbi tí àtúnṣe bá wà lọ́wọ́ ẹni, tí lẹ́tà sì ṣe pàtàkì, kí ó lo àtúnṣe náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ike bá ní láti wà lẹ́nu fún wákàtí 22, wákàtí méjì ló kù fún ìta, ìyẹn ìṣẹ́jú 120. Ká ní oúnjẹ mẹ́ta àti fífọ ẹnu gba 75, ìṣẹ́jú 45 ló kù. Ìmáàmù tí Fátíhà rẹ̀ kò tíì dá ṣáká lè bọ́ ike rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe àlùwàlá, kí ó yọ ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí ó kírun, kí ó sì dá a padà. Arábìnrin wa lè bọ́ tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 tí ó fi ń pe lẹ́tà fún àwọn ọmọ láti sín, kí ó wọ̀ ọ́ padà nígbà tí wọ́n bá ń kọ wàláà tàbí tí ó bá ń gbọ́ àkàsórí wọn. Etí tí ó fi ń tọ́ wọn sọ́nà kò wọ ike. Bí ó bá sì jẹ́ pé àkókò kò gbà á, kí ọmọ tí ó dàgbà jù nínú kíláàsì pe lẹ́tà sókè, kí olùkọ́ máa tún un ṣe. Hárúnà tirẹ̀ nìyẹn.

Bí ìdí rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe rí nìyí: òtítọ́ ni pé ọmọ ń gba ohun tí ó bá gbọ́, ṣùgbọ́n kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́jọ́ tí a lè fi ọgbọ́n bójú tó. Kò tó ìdí láti fi kíláàsì sílẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀.

Ẹni tí kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Hàdíìsì tí ìyá wa Áíṣà gbà wá, tí ó wà nínú Bukhārī àti Muslim, fi yé wa pé ẹni tí ó mọ Kùránì kà dáadáa wà pẹ̀lú àwọn máláíkà alápọ̀n-ọ́nlé, ẹni tí ó sì ń tàsé tí ó ń ni ín lára ní ẹ̀san méjì. Ní ojú ọ̀nà Ìmáàmù Máálíkì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, ìwé Mukhtaṣar ti Khalīl tí a ń kà ní ilé kéwú ka kíkírun lẹ́yìn ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò lè pe lẹ́tà kan mọ́ àwọn ohun tí ó lẹ́tọ̀ọ́. Àwọn onímímọ̀ ojú ọ̀nà mìíràn le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ Fátíhà, ìdí sì nìyí tí mo fi sọ pé kí ẹni tí ó lè bọ́ ike bọ́ ọ.

A kò sì nílò ìtàn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láti tu ara wa nínú. Àwọn oníwáàsí kan máa ń sọ pé Bílálì kò lè pe shīn nínú ìpèrun, pé sīn rẹ̀ ni shīn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Àwọn onímọ̀ hàdíìsì ti sọ pé ìtàn yìí kò ní ìpìlẹ̀. Nítorí pé ohùn Bílálì dára ni Ànábì ṣe yàn án.

Ẹ̀RÍ WÀ NÍLẸ̀ WA

Ẹ wo àwọn baba ńlá wa tí wọ́n gba ẹ̀sìn yìí. Èdè Yorùbá kò ní z, bẹ́ẹ̀ ni kò ní thā. Ní ẹnu wọn, zakāt di sàká, Zaynab di Sàínábù, Zakariyyā di Sàkáríyáù, hadīth sì di hàdíìsì. Thā ni wọ́n sọ di sīn, ike eyín sì ń sọ sīn di thā! Ṣé kí wọ́n dákẹ́ títí ahọ́n wọn yóò fi tọ́ ni? Bí wọ́n bá dákẹ́, ta ni ì bá kọ́ wa? Wọ́n ka ohun tí wọ́n lè kà, wọ́n rán àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé kéwú, àwọn ọmọ náà sì pe zāy lónìí tí ó já gaara. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹni tí kò bá ṣí ẹnu ni kò ní pè é láéláé.

Ti ike eyín kò tilẹ̀ ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ahọ́n yóò ti rí ọ̀nà rẹ̀ tuntun. Etí ni yóò gbọ́ pé ìró kò dára, yóò sọ fún ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì kọ́ ahọ́n láti fà sẹ́yìn bíńtín. Ẹ̀kọ́ yìí kò sì lè wáyé nínú ìdákẹ́. Ẹni tí ó bá ń bọ́ ike ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí tí ó dákẹ́ nítorí ìtìjú, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún ọjọ́ ìwòsàn síwájú. Kí ó máa kàwé sókè nínú yàrá rẹ̀, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Kí ó ka èyí tí s àti ṣ pọ̀ nínú rẹ̀, kí ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù, kí ó sì tún un gbọ́. Kí ó mu omi. Bí etí ike bá ń gé ahọ́n, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà láti bá a dán an. Kí ó má fi ọ̀bẹ ilé gé e.

ẸRÙ TI WA TÍ À Ń GBỌ́

Ìdí kejì arábìnrin náà ló kù, pé báwo ni òun yóò ṣe bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n fara dà á. Èsì mi ni pé kò yẹ kí ó bẹ̀ wá rárá. Gbólóhùn kan tó: "Ẹ̀yin ọmọ, mo wọ ike tí dókítà fi ń to eyín mi, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi fún ìgbà díẹ̀." Ohun tí à ń fi pamọ́ ni àwọn ọmọdé ń wá kiri. Ẹni tí ó ti sọ tirẹ̀ síta kò ní ohun tí ẹnìkan yóò fi dẹ́rù bà á mọ́.

Èyí tí ó kù jẹ́ ẹrù àwa tí à ń gbọ́. Nínú Súúrà Al-Hujurāt, àyà 11, Ọlọ́hun kọ̀ fún ọkùnrin láti fi ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́ àti fún obìnrin láti fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè sàn ju ẹni tí ń ṣe é. Ẹ ṣí i kí ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ náà "ism" wà nínú àyà yìí, "ithm" sì wà nínú àyà tí ó tẹ̀lé e. Bí ẹni tí ó wọ ike bá ń ka àyà àkọ́kọ́, "ism" lẹ́nu rẹ̀ lè fẹ́ dún bí "ithm", kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́rùn rẹ̀ nítorí pé ó ti sa ipá rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí sīn tirẹ̀ já gaara, tí ó wá fi í rẹ́rìn-ín, òun gan-an ni ó ti bọ́ sínú "ithm".

Ó yà mí lẹ́nu pé ojú máa ń tì wá bí s bá yọ̀ lẹ́nu wa, ojú kì í sì í tì wá bí òfófó bá yọ̀ níbẹ̀. A ó gba dókítà láàyè láti to eyín wa fún ọdún kan àbọ̀, kò sì sí ẹni tí ń to ọ̀rọ̀ tí ń gba àárín eyín náà jáde. Ní ọjọ́ ìṣirò, wọn yóò bi wá léèrè ohun tí a fi ahọ́n sọ àti ẹni tí a fi í pa lára, wọn yóò sì bi wá léèrè ìmọ̀ tí a ní tí a kò fi kọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, kí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀ má dákẹ́. Kí ó tún èyí tí ó bá lè tún ṣe ṣe, kí ó wá Hárúnà fún èyí tí kò lè ṣe, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí àwa tí à ń gbọ́ ní sùúrù fún un. Bí arábìnrin wa bá ka ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun tú kókó tí ó wà ní ahọ́n wa, kí ó tún èyí tí ó wà lọ́kàn wa tú, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yé àwọn tí a rán wa sí. Àmín.